Eyín Tó Dákẹ́: Ọjọ́ Kan Láti Ìdájí Títí Di Òru

Ọkùnrin tí a fẹ́ tẹ̀ lé lónìí, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Bàbá Ìbejì. Ẹni ọdún 46 ni, iṣẹ́ táyà lílẹ̀ ló ń ṣe lẹ́bàá títì ní Ìwó Road, n'Ìbàdàn. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ọ̀nà tí àrùn eyín tó ń pani máa ń gbà ni mo kó jọ sára ẹnì kan ṣoṣo, nítorí pé àwọn dókítà ẹnu àti eyín ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá wa mọ̀ ọ́n dunjú, wọ́n sì mọ bí ó ṣe ń rìn láti wákàtí dé wákàtí. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni pé àwọn ènìyàn ṣì ń tipa eyín kú láyé tí a wà yìí, bẹ́ẹ̀ ibi tí a ti lè dá ikú náà padà lójú ọ̀nà kò lóǹkà.

Aago 5 ìdájí

Ìrora kọ́ ló jí i. Itọ́ ló kún ẹnu rẹ̀, ó ń rùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sì wúwo. Ó fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n, ó rí i pé ó ti wú. Ó yà á lẹ́nu, torí ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí eyín náà ti ṣíwọ́ dídùn.

Ihò inú eyín ọ̀hún ti pẹ́. Eyín ẹ̀yìn ni, nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, omi tútù nìkan ló máa ń ta á. Nígbà tó yá, bí ó bá jẹ ẹran, ẹran á há síbẹ̀, á fi igi ìṣáná yọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò rí oorun sùn lóru méjì. Ó ki kànáfùrù bọ ihò náà, ó pọ́n ògógóró sẹ́nu, ó fi ọwọ́ mú àgbọ̀n jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ lójijì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Èèpo òde eyín ni ohun tó le jù lọ nínú ara ènìyàn, egungun pàápàá kò tó o. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú ẹnu máa ń sọ ṣúgà tí a bá jẹ di ásíìdì, ásíìdì yìí ló sì ń jẹ èèpo náà díẹ̀díẹ̀. Bí ihò bá jìn tó, wọ́n á kan ẹran rírọ̀ tó wà ní àárín eyín, níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tó ń gbé ìrora wà. Ẹran náà á fẹ́ wú, kò sì ní ríbi wú sí, torí ògiri líle ló yí i ká. Ìdí nìyí tí eyín fi ń ro ènìyàn títí dé inú etí. Nígbà tó bá yá, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè wọlé mọ́, ẹran náà á kú, iṣan inú rẹ̀ á bá a kú. Ìrora á parẹ́. Ẹni tó ni eyín á rò pé ó ti san. Àwọn kòkòrò ò kú ní tiwọn. Wọ́n ti ríbi sá sí tí ẹ̀jẹ̀ ò dé, wọ́n sì ń gba ẹnu gbòǹgbò eyín jáde lọ sínú egungun àgbọ̀n.

Ọjọ́ mẹ́ta tí Bàbá Ìbejì fi ń dúpẹ́ ni wọ́n fi la egungun náà kọjá.

Aago 6 ààbọ̀

Ó mú pákò, pákò ò wọlé. Ẹnu rẹ̀ ò yà ju ibi tí ìka kan lè gbà lọ. Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i.

"Bàbá Ìbejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ti wú o. Ṣé eyín ọjọ́sí náà ni?"

"Kò dùn mí. Bóyá mo fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn jù ni."

Ó bá a po omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́ iyọ̀, ọkọ rẹ̀ yọ́ ọ lẹ́nu, ó tu ú dànù, ó mu ògì díẹ̀. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni wíjọ́ lórí omi iyọ̀. Ó ń fọ ẹnu, ó ń tu erìgì lára. Àmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ wà ní ìdí gbòǹgbò, nínú egungun, omi tí a ń yọ́ lẹ́nu kò sì lè débẹ̀ láéláé.

Ẹnu tí kò yà yẹn ló yẹ kó kó ìpayà bá wọn. Ẹ to ìka mẹ́ta yín lé ara wọn, ẹ kì wọ́n sáàárín eyín iwájú òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà tí ara wọn le ni yóò ṣe é wẹ́rẹ́. Bí eyín bá ti ń ṣe ènìyàn, tí ẹnu sì wá ń há, ó jẹ́ pé ọyún tàbí wíwú ti dé ọ̀dọ̀ àwọn iṣan tí a fi ń jẹun. Láti ibẹ̀ sí ọrùn kò jìn. Bí Bàbá Ìbejì bá gba ilé ìwòsàn eyín lọ ní aago 6 ààbọ̀ yìí, wọn ì bá la ibi tó wú, wọn ì bá yọ eyín náà, wọn ì bá fún un lóògùn, kó tó di aago mẹ́wàá ì bá ti wà nílé.

Aago 8

Kẹ́mísì ló yà sí. "Ẹ bá mi kó oògùn eyín." Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kò béèrè ohunkóhun. Ó gé kápúsù ańtíbáyọ́tíìkì mẹ́rin fún un, ó fi parasítámọ́ọ̀lù kún un. Bàbá Ìbejì lo méjì méjì lójú ẹsẹ̀.

Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá lè gbé e dé. Inú eyín tó ti kú kò ní ẹ̀jẹ̀, àárín ọyún kò ní ẹ̀jẹ̀. Èyí tó bá dé etí ibẹ̀ lè dín wíwú kù fún ọjọ́ díẹ̀, orísun rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo kápúsù fún eyín kan náà nígbà mẹ́rin mẹ́rin lọ́dún, kó má ṣe rò pé òun ń wo eyín. Àfi kí dókítà la eyín náà kó nu inú rẹ̀ mọ́, tàbí kó yọ ọ́. Parasítámọ́ọ̀lù ní tirẹ̀ á fi ibà pamọ́ fún wákàtí mélòó kan, ìyẹn á tún jẹ́ kí ènìyàn fọkàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìṣẹ́ ilẹ̀ wa nìkan ló ń fa irú èyí. Ní Prince George's County, ní ìpínlẹ̀ Maryland, lẹ́bàá Washington gan-an, ọmọ ọdún 12 kan wà tó ń jẹ́ Deamonte Driver. Eyín rẹ̀ kan kẹ̀, ọyún rẹ̀ sì gun ọpọlọ lọ. Orí fífọ́ ni ọmọ náà kọ́kọ́ ń ráhùn rẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún un lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2007. Iye tí wọn ì bá fi yọ eyín yẹn kò ju nǹkan bí 80 dọ́là lọ, iye tí ìtọ́jú rẹ̀ ná wọn sì tó nǹkan bí 250,000 dọ́là. Ìyá rẹ̀ kò rí dókítà eyín tó fẹ́ gba ètò ìlera àwọn aláìní tí ìdílé wọn gbára lé. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà tún òfin ètò ìlera àwọn ọmọdé ṣe ní ọdún 2009, wọ́n fi ìtọ́jú eyín sí i ní dandan. Ikú ọmọ náà wà lára ohun tó ta wọ́n jí.

Aago 10

Ó ti wà níbi iṣẹ́. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló ń fi irin tú táyà, òun jókòó sórí táyà àlòkù, ó fi aṣọ ìnujú di àgbọ̀n mú. Ara rẹ̀ ò yá, ṣùgbọ́n oníbàárà ń bọ̀.

Nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lákòókò yìí, kòkòrò ẹnu ń kọjá. Ìyẹn nìkan kì í ṣe tuntun. Lójoojúmọ́ tí a bá ń jẹun tàbí tí a ń fọ eyín, pàápàá bí erìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀, díẹ̀ nínú wọn máa ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ara á sì pa wọ́n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn tí ẹ̀rù ń bà mí fún ni àwọn tí ibì kan ti bàjẹ́ nínú ọkàn wọn tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun tó dun ọmọdé tí wọn ò tọ́jú lè di ibà tó máa ń ba fáàfù inú ọkàn jẹ́, irú àìsàn ọkàn bẹ́ẹ̀ sì ṣì pọ̀ nílẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú ihò lọ́kàn, àwọn kan wà tí wọ́n pààrọ̀ fáàfù fún. Lára irú wọn, kòkòrò ẹnu kan tí wọ́n ń pè ní streptococcus lè lẹ̀ mọ́ fáàfù tó ti bàjẹ́, kó máa pọ̀ síbẹ̀. Ibà á máa lọ á máa bọ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, aláìsàn á máa rù, wọ́n á máa fún un lóògùn ibà ẹ̀fọn àti ti táífọ́ọ̀dù ní àkọ́tún. Lọ́jọ́ kan, ègé kékeré á já kúrò lára fáàfù, ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ọpọlọ, apá àti ẹsẹ̀ kan á rọ.

Láti ọdún 1955 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ní Amẹ́ríkà ti ń sọ pé kí irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ lo ańtíbáyọ́tíìkì kí wọ́n tó yọ eyín. Ní ọdún 2007 wọ́n dín in kù sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ewu wọn ga jù lọ, torí wọ́n rí i pé erìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ ń da kòkòrò sínú ẹ̀jẹ̀ ju eyín kan tí a yọ lọ́jọ́ kan lọ. Ìmọ́tótó ẹnu lójoojúmọ́, pákò ni o tàbí búrọ́ọ̀ṣì, ló wá di ààbò tó tóbi jù.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òdìkejì rẹ̀ náà, kí ìbẹ̀rù má baà di ohun tí a fi ń ṣe ara wa ní jàǹbá. Ní ọdún 1910, dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù kan, William Hunter, sọ̀rọ̀ ní yunifásítì McGill ní Montreal, ó ní ìdọ̀tí ẹnu ló wà nídìí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àìsàn tí a ò mọ orírun wọn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan gbé e kọjá ààlà. Fún ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi yọ eyín tí kò ṣe nǹkan kan lẹ́nu àwọn tó ní làkúrègbé àti àìsàn inú. Henry Cotton, ọ̀gá ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Trenton, ní New Jersey, yọ eyín aláìsàn rẹpẹtẹ, ó tún gé ìfun àwọn mìíràn, ó ní òun ń wo wèrè. Púpọ̀ nínú wọn kú. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé àrùn erìgì ń fa àrùn ọkàn, ẹ rọra gbọ́ ọ. Àwọn méjèèjì máa ń wà lára ẹnì kan náà lóòótọ́, àmọ́ wọn ò tíì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Àjọṣe tó dájú láàárín erìgì àti ìtọ̀ ṣúgà la ó dé láìpẹ́.

Aago 12 ọ̀sán

Òtútù ń mú un lábẹ́ oòrùn. "Ọ̀gá, ara yín mà gbóná o," ni ọmọṣẹ́ rẹ̀ wí. Wíwú náà ti kúrò lápá ọ̀tún, ó ti gba abẹ́ àgbọ̀n kọjá sí òsì. Ó le bí pákó. Bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò ní jìn. Kò sí ojú kan tó pọ́n tí ènìyàn lè sọ pé ibí ni yóò ti tú.

Mẹkáníìkì tó wà nítòsí ní kó ní sùúrù kó pọ́n. Báyìí la ṣe ń sọ fún ẹni tó ní éèwo, ó sì tọ́ fún éèwo. Èyí kì í pọ́n. Láti ọdún 1836 ni dókítà ará Jámánì kan ní Stuttgart, Wilhelm Friedrich von Ludwig, ti ṣàpèjúwe rẹ̀: wíwú tó le, tó ń yára tàn kálẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn, tó sì ń pani láàárín ọjọ́ díẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pè é, Ludwig's angina. Eyín ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ibi tí eyín náà wà ló fà á. Iṣan pẹlẹbẹ kan ló tẹ́ sábẹ́ ahọ́n, tí ó so mọ́ inú egungun àgbọ̀n lápá méjèèjì. Gbòǹgbò àwọn eyín ẹ̀yìn tó kángun sí ọ̀fun gùn kọjá ibi tí iṣan yìí ti so. Ohun tó bá jáde ní ẹsẹ̀ wọn, abẹ́ iṣan náà ló ń bọ́ sí, ìyẹn ọrùn. Láti ibẹ̀, ó lè yí gba ẹ̀yìn dé abẹ́ ahọ́n, kó gba ọ̀tún lọ sí òsì. Bí gbogbo abẹ́ ahọ́n bá ti wú, òkè àti ẹ̀yìn nìkan ló kù tí ahọ́n lè lọ. Ẹ̀yìn yẹn ni ọ̀nà tí a ń gbà mí.

Aago 2

Ìyàwó rẹ̀ pè é láti ọjà. Kò dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé òun ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń jáde ní kíkùn, ahọ́n kò ríbi yí sí. Ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀, ó gun ọ̀kadà.

Nígbà tó dé, itọ́ ń kán sí ọkọ rẹ̀ láyà, torí kò lè gbé e mì. Ó jókòó, ó tẹ̀ síwájú, ó gbé àgbọ̀n sókè. Ẹnì kan ti mú abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá pé kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ kí ọyún lè dà jáde. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fi aṣọ gbígbóná jó o. Ó lé gbogbo wọn. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ sì sọ ọ́ fún ẹlòmíràn: bí ẹni tí eyín ń ṣe bá ń da itọ́, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí ahọ́n rẹ̀ gbé sókè, tí kò lè gbé nǹkan mì, tàbí tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀rọ̀ kẹ́mísì ti kọjá. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè ṣe iṣẹ́ abẹ ni, kíá.

Aago 3

Ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ ló sún mọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì àgbà kan yọjú, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Bàbá, ẹ má dùbúlẹ̀ o. Ẹ jókòó bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú. Ìyá, ẹ má fún wọn ní oúnjẹ, ẹ má fún wọn lómi."

Ó ka èémí rẹ̀, ó yára. Ibà ti kọjá 39. Ó gún un níka, ó wo ṣúgà: 340. Bàbá Ìbejì kò mọ̀ pé òun ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó mọ̀ pé òun ń tọ̀ lóru, ó mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, oòrùn ló dẹ́bi fún.

Ibí ni òun àti eyín rẹ̀ ti so pọ̀. Ṣúgà tó ga nínú ẹ̀jẹ̀ ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá kòkòrò jà lọ́ra, erìgì á máa bàjẹ́, ọyún á sì máa tàn kíákíá. Ọyún ní tirẹ̀ ń mú kí ínsúlínì má ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣúgà á tún ga sí i. Ìwádìí ti fi hàn pé bí wọ́n bá tọ́jú erìgì alárùn ìtọ̀ ṣúgà, ṣúgà rẹ̀ máa ń wálẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà ni mo fi gbà pé gbogbo ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà ló yẹ kí wọ́n rán lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín lọ́jọ́ náà gan-an, bí wọ́n ṣe ń rán an lọ wo ojú.

Nọ́ọ̀sì náà kò dá a dúró. Ó kọ ìwé, ó fa ọ̀nà abẹ́rẹ́ sí i lápá, ó fún un ní ìwọ̀n oògùn àkọ́kọ́, ó ní, "Ẹ máa lọ. Ẹ má yà níbì kankan."

Aago 4

Takisí ni. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dí ọ̀nà. Awakọ̀ fẹ́ kó na ẹsẹ̀ sórí àga ẹ̀yìn kó lè sinmi, ìyàwó rẹ̀ kọ̀. Ó ṣe dáadáa. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ahọ́n tó ti wú á ṣubú sẹ́yìn, ó sì lè dí ọ̀nà èémí pátápátá. Bí àrùn yìí ṣe sábà ń pani nìyẹn: èémí ló ń há, kí ọyún tó ráyè ba ohun mìíràn jẹ́.

Aago 5 kọjá ìṣẹ́jú 20

Wọ́n dé ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n gbé ọ́síjìn sí i nímú, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fi ańtíbáyọ́tíìkì méjì gba inú iṣan, ọ̀kan fún àwọn kòkòrò tó nílò afẹ́fẹ́, èkejì fún àwọn tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá, torí agbo méjèèjì ló ń gbé ìdí eyín. Wọ́n fún un ní ínsúlínì. Àbúrò rẹ̀ ń sáré káàkiri pẹ̀lú ìwé, ó ń ra ìbọ̀wọ́, ó ń ra abẹ́rẹ́, ó ń sanwó káàdì. Ìṣẹ́jú tó ń kọjá lẹ́nu fèrèsé ibi ìsanwó yìí jẹ́ ohun tó ń bà mí nínú jẹ́, torí àrùn náà kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n dé, òun àti dókítà tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ jíròrò ni bí yóò ṣe máa mí. Wọn ò lè kàn fún un ní oògùn oorun, torí bí ó bá ti sùn, iṣan ọ̀fun á dẹ̀, ọ̀nà á sì pa dé. Wọn ò sì lè ti ọ̀pá gba ẹnu tí kò yà. Wọ́n pinnu pé àwọn á fi abẹ́rẹ́ pa ìrora ọrùn rẹ̀ nìkan, kí ojú rẹ̀ ṣì là, kí wọ́n wá dá ihò sí ọ̀nà èémí níwájú ọrùn, kí wọ́n ki ọ̀pá síbẹ̀.

Aago 7 alẹ́

Lẹ́yìn tí ọ̀pá wọlé, tí ó mí kanlẹ̀, ni wọ́n tó jẹ́ kó sùn. Wọ́n gé abẹ́ àgbọ̀n lápá ọ̀tún, lápá òsì, àti láàárín. Ọyún tó jáde kò pọ̀. Omi tó dà bí ẹ̀jẹ̀ ni, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Wọ́n fọ ibẹ̀, wọ́n fi rọ́bà sí ojú ọgbẹ́ kí ó lè máa dà jáde, wọn ò rán an pa. Wọ́n wá yọ eyín náà. Ìyẹn ò gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Kí ańtíbáyọ́tíìkì tó dé, ó ju ìdajì àwọn tí èyí ṣe lọ tó ń kú. Lóde òní, níbi tí ìtọ́jú bá ti yá, àwọn tó ń kú kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Ìyàtọ̀ náà wà lọ́wọ́ oògùn, ó sì wà lọ́wọ́ wákàtí tí aláìsàn dé.

Aago 11 òru

Dókítà náà jáde wá bá ìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì.

"Ẹ kú ìdúró, mà. Wọ́n ń mí dáadáa báyìí. Ọ̀la la máa ya fọ́tò àyà wọn, torí ohun tó wà lọ́rùn lè sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀yìn ọ̀fun lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkàn. Bí kò bá tíì débẹ̀, a jẹ́ pé a tètè ṣe é."

"Eyín kan ṣoṣo, dókítà?"

"Ẹyọ kan ni, mà. Ṣùgbọ́n méjì mìíràn ti kẹ̀ lápá òsì. A ò ní jẹ́ kí wọ́n lọ sílé pẹ̀lú wọn."

Wọn á máa wo ṣúgà rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní aago 6 òwúrọ̀ ni wọn yóò tún ojú ọgbẹ́ fọ̀. Ọ̀pá ọrùn á wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, títí ahọ́n yóò fi wálẹ̀, òun kò sì ní lè fọhùn títí wọn yóò fi yọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n bá òun wá ìwé àti bírò, kó lè máa kọ ohun tó bá fẹ́ sílẹ̀ bó bá jí.